Ẹ́ḿbásì Yóò Kó Kúrò Àbí Kò Ní Kó? Ẹnu Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Máa Wò

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ wa láti Kétu, ní ilẹ̀ Benin:

"Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Àbúrò mi ọkùnrin ń se oúnjẹ fún ìdílé òyìnbó kan tí baálé wọn ń ṣiṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì, ní olú-ìlú kan ní apá Sàhẹ́lì tí mi ò ní dárúkọ. Ogun ti ń súnmọ́ ìlú náà, epo ọkọ̀ ti di ọ̀wọ́n, gbogbo ẹnu ló sì ń sọ pé ẹ́ḿbásì máa tó palẹ̀ mọ́. Àbúrò mi ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí òun bá rí i pé àwọn òyìnbó ń kó, nítorí owó oṣù. Ṣé ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè mọ̀ ṣáájú? Tí wọ́n bá sì ń lọ, ṣé wọ́n á mú un dání?"

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àníyàn àbúrò. Ìbéèrè yín kejì ni kí a kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè gba ẹ̀mí là: wọn kò ní mú un dání. Ẹni tó ń se oúnjẹ nínú ilé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì. Ìdílé náà ló gbà á, ìdílé náà ló ń sanwó fún un, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé tí ẹ́ḿbásì fi ń ka orí èèyàn lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Àní àwọn ọmọ ìlú tí ẹ́ḿbásì fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́, awakọ̀, akọ̀wé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń wà nígbà tí àwọn àlejò bá ń lọ. Nígbà tí hẹlikọ́pítà Amẹ́ríkà wọ Khartoum ní òru ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn tí wọ́n gbé kò pé ọgọ́rùn-ún: àwọn ará Amẹ́ríkà, àti àwọn aṣojú díẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ọmọ Sùdáànì tó ti bá ẹ́ḿbásì náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà nílé wọn, ìbọn sì ń dún lórí òrùlé. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961, ní abala 44, pa á láṣẹ fún orílẹ̀-èdè tó gbàlejò pé kí ó ran àwọn aṣojú àti ìdílé wọn lọ́wọ́ láti jáde, ìbáà jẹ́ nígbà ogun. Ṣùgbọ́n òfin náà kò di ẹrù kankan lé ẹ́ḿbásì lórí nítorí alásè ilé.

Ohun tí àbúrò yín ń dúró kí ó rí kí ó tó lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ tó bá rí i gan-an ni ọ̀nà ti dí. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ṣáájú.

Ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn ń pa pọ̀ sọ pé "ẹ́ḿbásì ti kó lọ". Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó kàn máa bẹ̀rù lásán ni, tàbí kí ọkàn wa balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gba ìyàwó, ọkọ àti ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ láàyè láti máa lọ, ẹni tó bá wù ú kó lọ. Èkejì ni pé kí wọ́n pàṣẹ: gbogbo ìdílé àti òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kò-ṣeé-mánìí gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n sọ àsíá kalẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹrin ni kí ìjọba wọn rán ọkọ̀ tàbí bàálù wá kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn tó wà nígboro. Àwọn mẹ́rin yìí kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ní Niamey, olú-ìlú Niger, Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ. Amẹ́ríkà pàṣẹ ìpele kejì ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ́ḿbásì méjèèjì wà ní ṣíṣí nígbà náà. Ìgbà tí ọdún 2023 ń parí lọ ni Faransé tó kéde pé òun ń ti tirẹ̀, ohun tó sì fà á ni ìjà tó wà láàárín òun àti ìjọba ológun, kì í ṣe pé ogun wọ ìlú.

Bí àtẹ̀gùn ni ó máa ń rí nígbà tí ó bá lọ létòlétò. Ẹ wo Kyiv, olú-ìlú Ukraine, ní ọdún 2022: ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní, Amẹ́ríkà ní kí àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ máa lọ; ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ó ní kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ lọ; ọjọ́ 14, ohun tó kù kó lọ sí Lviv, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà; ọjọ́ 24, ogun dé. Oṣù kan gbáko ni ìwọ̀nyí fi ṣáájú bọ́ǹbù àkọ́kọ́, gbangba sì ni wọ́n ti kéde gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ka àtẹ̀gùn náà kò nílò amí kankan. Ní Bangui, olú-ìlú Central African Republic, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2012, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kò sì wọ ìlú títí di ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ní Khartoum, ìjà bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, láàárín ìlú, kò sí àtẹ̀gùn kankan tí ẹnikẹ́ni gùn. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà ni hẹlikọ́pítà dé.

Kí ló yàtọ̀? Ẹ̀yin ará Kétu ni ó yẹ kó tètè yé. Ìlú yín ní odi, ó ní yàrà, ó ní akọni, Àkábà Ìdènà sì ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí a ń gbà wọlé tí a ń gbà jáde. Nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ sé ìlú mọ́ ní 1886, ẹni tó ti jáde ṣáájú ló bọ́. Bó ṣe rí fún ẹ́ḿbásì náà nìyẹn. Ìró ìbọn kọ́ ló ń lé wọn. Wọ́n lè fara da ìbọn fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ògiri kọnkéré pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti epo jẹnẹrétọ̀ tiwọn. Ohun tó ń lé wọn ni kí wọ́n rí i pé ẹnu ọ̀nà àbájáde tó kù ti ń pa dé. Bí ọ̀nà méjì bá ṣì wà, wọ́n á dúró. Bí ó bá ku ọ̀kan, wọ́n á dín èèyàn kù. Bí ọ̀kan yẹn náà bá ń mì, wọ́n á lọ.

Monrovia, olú-ìlú Liberia, ni ẹ̀rí tó dára jù. Ogun abẹ́lé wọ ìlú yẹn ní 1990, ní 1996 àti ní 2003; ọta ìbọn bọ́ sínú ọgbà ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà; síbẹ̀ wọn kò ti í. Etí òkun ni ọgbà náà wà, ní Mamba Point, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun sì lè dúró lójú agbami kí hẹlikọ́pítà máa gbé èèyàn lọ gbé èèyàn bọ̀. Òkun ni ẹnu ọ̀nà kejì, kò sì sí ọlọ̀tẹ̀ tó lè ti òkun. Ní Tripoli, olú-ìlú Libya, etí òkun náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2014 ni ìjà ti wà lórí pápákọ̀ òfurufú, ìjà náà sì dé tòsí ẹ́ḿbásì. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Tùnísíà, bàálù ogun sì ń fò lórí wọn.

Nísinsìnyí ẹ wo ilẹ̀ Sàhẹ́lì: Bamako, Ouagadougou, Niamey, N'Djamena. Kò sí èyí tó ní òkun nínú wọn. Pápákọ̀ òfurufú kan, àti ọ̀nà ọ̀dà díẹ̀ tí àwọn agbébọn ń jókòó sí. Ṣáájú, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ máa ń kà mọ́ ọn: bárékè Faransé. Ní N'Djamena ní oṣù Kejì ọdún 2008, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ ìlú, ológun Faransé tó wà ní pápákọ̀ òfurufú ló kó àwọn àlejò jáde lọ sí Libreville. Ìyẹn ti tán. Ológun Faransé kúrò ní Málì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní Burkina Faso ní oṣù Kejì ọdún 2023, ní Niger ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Chad ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Amẹ́ríkà náà kó kúrò ní Niger ní 2024. Ẹni tó bá fẹ́ wá gba èèyàn là báyìí, ibi jíjìn bíi Djibouti tàbí Sípéènì ni yóò ti wá, Djibouti sí Khartoum gan-an kò sì ṣeé fò tààrà: àwọn hẹlikọ́pítà 2023 ní láti yà ní Ethiópíà kí wọ́n tó wọ Sùdáànì.

Ohun tí èyí fà ni ó yẹ kí ẹ dì mú: ní Sàhẹ́lì òní, wọ́n á tètè dín èèyàn kù ju ti àtijọ́ lọ, nígbà tí bàálù aláàdáni ṣì ń fò, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tó wà nítòsí tó máa wá gbé wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí àwọn agbébọn ń sun ọkọ̀ epo lójú ọ̀nà Bamako, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ bàálù aláàdáni lọ kíákíá, ó sì pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe kò-ṣeé-mánìí lọ pẹ̀lú ìdílé wọn. Kò ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí a bá bi wá pé "ṣé ẹ́ḿbásì yóò ti ilẹ̀kùn láàárín oṣù kan?", ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kéré. Láàárín 2020 sí 2023, ìdìtẹ̀gbàjọba méje ló kẹ́sẹ járí ní Málì (ẹ̀ẹ̀mejì), Guinea, Burkina Faso (ẹ̀ẹ̀mejì), Niger àti Gabon. Kò sí ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà kan tó torí ọ̀kan nínú wọn ti ilẹ̀kùn pátápátá. Nílé wa níbí, nígbà tí àwọn ológun kan gbìyànjú láti gba ìjọba ní Kútọnú ní Àìkú ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, "ẹ jókòó sílé" ni àwọn ẹ́ḿbásì ń sọ fún àwọn èèyàn wọn. Ẹ fetí sí ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. "Ẹ jókòó sílé" túmọ̀ sí pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò kọjá láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. "Ẹ ra omi àti oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan pamọ́" ti le jù bẹ́ẹ̀. "Ẹ ronú nípa lílọ" ti di àtẹ̀gùn. "Ẹ lọ nísinsìnyí tí bàálù aláàdáni ṣì wà, ẹ má retí pé ìjọba yóò wá gbé yín" ni ìkìlọ̀ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó máa ti nǹkan. Gbólóhùn yìí kì í ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu wọn. Àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ọ̀gá ní olú-ìlú wọn ló máa ń fọwọ́ sí i. Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní ìlànà kan tó wúlò fún ẹni tó ń ṣọ́ wọn: ìkìlọ̀ ààbò tí wọ́n bá fún òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn yòókù náà, tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ lílọ fi máa ń jáde sórí ìkànnì wọn láàárín ọjọ́ kan náà. Kò pamọ́.

Ẹ kíyè sí aago pẹ̀lú. Aago Washington fi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lẹ́yìn Bamako, ó sì fi márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn Niamey àti Kétu. Ìpinnu tí wọ́n bá ṣe ní ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, òru wa tàbí àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń bọ́ sí. Àárọ̀ ni kí ẹ máa wo ìkànnì wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹnu ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Pápákọ̀ òfurufú kì í kú lójijì àyàfi tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kú, ilé iṣẹ́ adójútòfò ló sì máa ń kọ́kọ́ pa á. Bí owó adójútòfò ogun bá ti gbówó lórí, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù yóò kọ́kọ́ yí àkókò padà kí awakọ̀ òfurufú má bàa sùn mọ́jú ní ìlú náà: yóò balẹ̀ lọ́sàn-án, yóò padà lọ́sàn-án. Lufthansa ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kyiv, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, bàálù tó ń wá lójoojúmọ́ yóò di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ìlú tí kò ní òkun, ẹ tún wo epo bàálù: orí ọkọ̀ ńlá ló ń bá dé. Bí wọ́n bá ń sun ọkọ̀ epo lójú ọ̀nà, bàálù á ní láti gbé epo àlọ àti àbọ̀ láti ibi tó ti ń bọ̀, epo náà wúwo, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹrù. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé wọn ò gba ẹrù ọjà mọ́, tàbí pé wọ́n dín kílò àpò kù lójijì, ẹ má ṣe fojú kékeré wò ó. Orí fóònù ni ẹ ti lè ka bàálù tó balẹ̀ lónìí lórí Flightradar24 láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ilé iṣẹ́ kan tó fagi lé ìrìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ méjì tó fagi lé e lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹnu ọ̀nà ló ń pa dé.

Ẹ wo ibi tí ẹ́ḿbásì wà sí pápákọ̀ òfurufú náà pẹ̀lú. Ní Bamako, òdìkejì odò ni pápákọ̀ wà sí àárín ìlú, afárá ló sì so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá di afárá mú di ilẹ̀kùn mú. Ní Khartoum, àárín ìlú gan-an ni pápákọ̀ wà, òun sì ni pápá ogun láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó kù fún àwọn tí kò ní hẹlikọ́pítà ni ọ̀nà ilẹ̀ tó tó 850 kìlómítà lọ sí Port Sudan, tàbí ti aṣálẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Ìjọba Nàìjíríà háyà bọ́ọ̀sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan dúró sínú aṣálẹ̀ nítorí owó, ẹnubodè Íjíbítì sì dá wọn dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ni àwọn àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sí Abuja.

Àmì wà tó ń tan èèyàn jẹ, wọ́n pọ̀. Bí ológun orí omi Amẹ́ríkà mẹ́wàá bá dé láti fi kún ẹ̀ṣọ́, àwọn èèyàn á ní ó ti parí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ó túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ dúró. Bí wọ́n bá pe aṣojú-ìjọba padà sílé "fún ìfikùnlukùn", ìjà òṣèlú nìyẹn. Bí ìjọba tó gbàlejò bá lé aṣojú kan, bí wọ́n ti ṣe fún ti Faransé ní Niamey ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìyẹn náà kò sọ nǹkan kan nípa ààbò ìlú. Oṣù Keje àti Kẹjọ, ìsinmi ọlidé máa ń sọ ilé àwọn òyìnbó di ahoro, kò ní ogun nínú. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó ń káàkiri lórí WhatsApp, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ má kà á rárá. Èéfín ìwé tí wọ́n ń jó nínú ọgbà, lóòótọ́, àmì gidi ni: látìgbà tí àwọn ará Ìránì ti to ìwé tí Amẹ́ríkà já wẹ́wẹ́ ní Tehran ní 1979 padà, ọ̀pọ̀ ẹ́ḿbásì ńlá kì í fi jíjá nìkan tẹ́ ara wọn lọ́rùn mọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá rí èéfín náà, kò sí àsọtẹ́lẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ó ti ṣẹ.

Orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè náà yàtọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa aṣojú-ìjọba Amẹ́ríkà ní Benghazi ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Amẹ́ríkà ló sábà máa ń kọ́kọ́ kó ìdílé jáde. Faransé ní èèyàn púpọ̀ nígboro, ó sì pín wọn sí àdúgbò tí olórí kọ̀ọ̀kan ń bójú tó, nítorí náà ó sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ṣáájú ní Niamey, àmọ́ bó bá ṣí, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ ló ń kó. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kéékèèké máa ń tẹ̀ lé ẹni tó ní bàálù. Rọ́ṣíà àti Ṣáínà sábà máa ń dúró. Wọ́n wà ní Kabul, olú-ìlú Afghanistan, lẹ́yìn ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tí àwọn ẹ́ḿbásì Ìwọ̀-oòrùn sá. Bí ẹ bá rí i pé orílẹ̀-èdè tó máa ń dúró ti ń kó ìdílé, ẹ fi ìlọ́po méjì kà á.

Bí a bá fẹ́ fi iye sí i, báyìí la ṣe ń ṣe é. Ìwọ̀n ojú ni, kò sí òṣùwọ̀n irin níbẹ̀. Fún ẹ́ḿbásì Ìwọ̀-oòrùn kan ní olú-ìlú Sàhẹ́lì tí ogun wà ní ìgbèríko rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pé wọn yóò pàṣẹ kí òṣìṣẹ́ dín kù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àti ẹyọ kan péré pé wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti gba ìdílé láàyè láti lọ, ẹ gbé ti dídín kù lọ sí ọgbọ̀n, títì sí mẹ́ta. Bí gbólóhùn "tí bàálù aláàdáni ṣì wà" bá jáde, dídín kù ti kọjá ọgọ́ta, títì á tó mẹ́wàá. Bí ìjà bá dé ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ẹ gbàgbé ìṣirò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí èèyàn ka àmì kan lẹ́ẹ̀márùn-ún: ẹ́ḿbásì márùn-ún tó kìlọ̀ lọ́jọ́ kan náà, inú ìpàdé kan náà ni wọ́n ti jọ jáde, àmì kan ni. Ẹ sì jẹ́ kí iye náà lè wálẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ epo bá wọlé tí bàálù padà sí ojoojúmọ́, ẹ dín in kù, ẹ má tìjú. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí àṣẹ lílọ kọjá 180 ọjọ́. Bí ọjọ́ náà bá ń pé tí wọn kò dá ìdílé padà, ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀.

Nígbà mìíràn, wọ́n ti mọ ohun tí ogun kò tíì fi hàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìgboro Baghdad dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí Amẹ́ríkà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ. Ọjọ́ 13, Ísírẹ́lì kọlu Ìránì. Nítorí náà, bí ìdílé bá ń lọ tí ẹ kò sì rí ìdí rẹ̀, ẹ má sọ pé wọ́n ń bẹ̀rù lásán.

Àbúrò yín wà níbi tí ó ti lè rí ìpele àkọ́kọ́ ju oníròyìn lọ: inú kíṣìnì. Iye àwo tó ń tẹ́ sórí tábìlì, ẹran tí wọn ò rà kún inú fìríìsà mọ́, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbà, abẹ́rẹ́ àti ìwé ajá, àwòrán tí wọ́n yọ kúrò lára ògiri. Ìwé ajá pàápàá máa ń gba àkókò, ẹni tó bá ń lé e ti ń múra. Kí ó rí i, kí ó dákẹ́. Kó má yà á ní fọ́tò, kó má sọ ọ́ ní ọjà tàbí lórí WhatsApp, yálà nítorí ẹ̀mí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn tàbí nítorí tirẹ̀. Ní ìlú tí ogun wà, ẹni tó ń sọ ìrìn àwọn òyìnbó lè di amí lójú ìhà méjèèjì.

Ìpele àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni òpin iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó àti ọmọ bá lọ, ẹnì kan ṣoṣo tó kù á máa jẹun ní ọgbà ẹ́ḿbásì. Kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nísinsìnyí tí ọkàn ṣì balẹ̀, kó béèrè fún ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó ní ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé, owó oṣù tó kù, owó ìfiṣẹ́sílẹ̀, àti ẹ̀rí pé wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí jẹ́ èèyàn rere, wọ́n á ṣe é bí a bá béèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún wọn ní wákàtí méjì àti àpò kan, wọn ò ní rántí. Wọ́n sì lè bẹ̀ ẹ́ pé kó máa sùn nílé kó ṣọ́ ẹrù. Kó kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní Abidjan ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ilé àwọn Faransé ni àwọn jàǹdùkú kọ́kọ́ wọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì bá níbẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti fi sílẹ̀ ní ẹ́ḿbásì kan nítorí físà, kó kọ lẹ́tà gbà á padà lọ́sẹ̀ yìí. Ní Khartoum, ìwé àwọn tó ń wá físà há mọ́ inú àwọn ẹ́ḿbásì tí wọ́n tì. Amẹ́ríkà tilẹ̀ ba àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ búburú, ẹni tó ni ín sì di ẹni tí kò lè kọjá ààlà. Kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ẹ́ḿbásì tàbí kọ́ńsúlà Benin tó bá wà níbẹ̀, kó gba káàdì kọ́ńsúlà, kó mú ìwé ANIP rẹ̀ (ìwé ìdánimọ̀ ìjọba Benin) àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú mọ́ ọn. Málì, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, nítorí náà kó má fi ọkàn tán ìwé ìdánimọ̀ lásán ní ẹnubodè. Pásípọ́ọ̀tù ló dájú jù.

Nípa ọ̀nà, àwọn tó rò pé Malanville, ẹnubodè Benin sí Niger, ni ilé ti kábàámọ̀ ní 2023: ECOWAS ti ẹnubodè náà, nígbà tí ó sì ṣí tirẹ̀ padà ní oṣù Kejì ọdún 2024, Niger kò ṣí tirẹ̀. Bí Niamey ló wà, bàálù lọ sí Lomé ló dára jù, kó sì ti ibẹ̀ wọ mọ́tò dé Kútọnú. Bí Ouagadougou ni, ọ̀nà Cinkassé gba Togo ló sàn ju Porga, ẹnubodè Burkina Faso sí Benin, lọ. Bí Bamako ni, Sikasso sí Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n kó bi àwọn onímọ́tò ní àárọ̀ ọjọ́ náà, torí ọ̀nà yẹn ń ṣí ó ń pa dé. Owó sẹ́fà kan náà ni a ń ná láti Bamako dé Kétu, àyàfi Ghana; kí ó ní owó mọ́tò ọ̀nà méjì lọ́wọ́, ní bébà kéékèèké, kì í ṣe nínú fóònù nìkan, nítorí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, owó orí fóònù bá a lọ. Àpò kan tí kò ju kílò mẹ́wàá lọ, omi lítà mẹ́ta fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà fóònù yín lórí bébà.

Ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ bi í ní mẹ́ta: àwo mélòó ló tẹ́ sórí tábìlì ní alẹ́ àná, ilé iṣẹ́ bàálù mélòó ló ṣì ń balẹ̀ ní ìlú, níbo ni pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, tàbí tó bá ku ilé iṣẹ́ bàálù méjì, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀la, kó má dúró de òpin oṣù.